Ọ̀kadà Àkọ́kọ́ Yín: Ṣé Ẹsẹ̀ Yín Kanlẹ̀?

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́dún yìí, nọ́ọ̀sì kan ti ọ̀kadà tuntun wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Títì ló tì í wá, kò gùn ún. Máṣíìnì 200cc ni (cc ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó), kò sì tíì rin kìlómítà 50. Ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fún kí wọ́n tó yí jíà, ti ṣẹ́, iná ẹ̀gbẹ́ kan ti fọ́, ọmọbìnrin náà sì ń tiro. Mo bi í pé ta ló gbá a. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó gbá mi, ọ̀gá. Mo dúró kí mọ́tò kan kọjá ni. Mo ní kí n fẹsẹ̀ tilẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, ló bá dà lù mí."

Láti ọdún 2001 ni mo ti ń tún ọ̀kadà ṣe, irú ìṣubú yìí ni mo sì ń rí jù lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kì í ṣe eré àsápajúdé, kì í ṣe mọ́tò. Máṣíìnì tó ga ju ẹni tó ni ín lọ ni, tàbí tó wúwo ju apá rẹ̀ lọ. Mo bi í pé ta ló ní kó ra 200. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe dísípáàṣì l'Ékòó ni, ó ní 200 nìkan ni wọn kì í mú. Ẹ̀gbọ́n náà ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Èkó ló sọ, Ìbàdàn sì ni àbúrò rẹ̀ ń gbé, láàárín ilé àti ọsibítù tí kò ju máìlì mẹ́ta síra wọn lọ.

Òfin ìrìnnà tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2012 ló so 200cc mọ́ orí àwọn èèyàn. Ó fòfin de ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 200cc lórí òpópónà 475, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó ìwé àti ẹrù kiri lórí èyí tó tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò ti ń kó máṣíìnì ńlá wọlé, tí àwọn tí kò gbé Èkó rí náà sì ń rà á. Ẹni tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ l'Óṣogbo tàbí l'Ọ́yọ̀ọ́ kò ní ohun tó fẹ́ fi 200 ṣe. Kó béèrè òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀, kó sì gba ìwé àṣẹ oní-A lọ́wọ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, torí ìwé ẹni tó ń wa mọ́tò kò ká ọ̀kadà.

Ẹni tí kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe máṣíìnì kan, orúkọ rẹ̀ ló máa rà, ẹ jẹ́ kí n tibẹ̀ mú un. Láyé àwọn bàbá wa, tíṣà, wolé-wolé àti àgbẹ̀ olóko kókó ló ń ra máṣíìnì, kí wọ́n lè fi ríbi lọ. Honda kékeré ni, Vespa ni, Suzuki àti Yamaha tí kò ga ju ìbàdí lọ. Honda Cub tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1958 kò tilẹ̀ ní kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́. Ẹsẹ̀ lẹ fi ń yí jíà, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀ tó sì ń gbá mú. Nígbà tó fi máa di ọdún 2017, Honda ti ṣe ju mílíọ̀nù 100 lára rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò gùn rí ni wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe é, ìdí nìyẹn tí tọmọdé tàgbà fi lè jókòó lé e.

Lẹ́yìn náà ni CG125 dé, lọ́dún 1976. Mo fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì yẹn dọ́kàn. Àwọn ará Honda ti rí i pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ bíi tiwa, àwọn èèyàn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, wọ́n sì ń di ẹrù lé máṣíìnì ju agbára rẹ̀ lọ. Wọn ò jókòó máa bú wọn. Wọ́n yọ ṣéènì tó máa ń gun orí ẹ́ńjìnnì, tí ọ́ìlì burúkú tètè ń bà jẹ́, wọ́n fi ọ̀pá irin méjì rọ́pò rẹ̀. Ìlú Manaus ní Brazil wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é, àwọn ará Ṣáínà náà sì wò ó ṣe. Títí dòní, tí ẹ bá tú ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ máṣíìnì Ṣáínà tó wà nígboro, CG lẹ máa bá nínú rẹ̀, orúkọ yòówù kí wọ́n kọ sára táńkì. Ìdí tí mẹkáníìkì abúlé fi lè tún un ṣe lábẹ́ igi nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀kadà wá di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ọjà yí padà. Jincheng ló kọ́kọ́ gbòde, àwòkọ Suzuki AX100 tí ẹ ní láti fún ní ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, tí èéfín rẹ̀ ń bọ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Àwọn ará Íńdíà ló gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́, Boxer ti Bajaj àti TVS. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé wọn kì í ta Boxer mọ́ ní Íńdíà tí wọ́n ti ń ṣe é. CT ni wọ́n ń ta fún ara wọn níbẹ̀. Ilẹ̀ adúláwọ̀ ni wọ́n ń ṣe Boxer fún, bí TVS náà ṣe ṣe HLX rẹ̀ fún wa. Èrò méjì àti àpò gàárì ni wọ́n fi sọ́kàn tí wọ́n fi jẹ́ kí àga rẹ̀ gùn, tí sókì rẹ̀, ìyẹn sípíríǹgì tó ń gba kòtò mọ́ra, le, tí jíà rẹ̀ sì ń fà gan-an láti ìsàlẹ̀.

Èyí ló ń mú kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kó sínú ìṣòro. Ẹ óò rí ẹni kìlógíráàmù 60 tó dá wà lórí máṣíìnì tí wọ́n ṣe fún èèyàn mẹ́ta. Sókì ẹ̀yìn kò rí ẹrù tó ń retí, ó wá ń ta á sókè ní gbogbo kòtò, títí ọwọ́ rẹ̀ fi máa fún iná láìmọ̀, tí máṣíìnì á sì sáré sí i. Tó bá jẹ́ pé irú rẹ̀ lẹ ti rà, ẹ má tíì tà á. Òrùka kan wà lábẹ́ sókì ẹ̀yìn tó ní àwọn àmì bí àtẹ̀gùn. Ẹ ní kí mẹkáníìkì yí i sí èyí tó rọ̀ jù, lápá ọ̀tún àti lápá òsì bákan náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Nǹkan mìíràn tún ti yàtọ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni Íńdíà ti sọ ọ́ di dandan pé máṣíìnì tuntun tó bá ju 125cc lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì ABS tí kì í jẹ́ kí táyà há, kí ti kékeré sì ní èyí tó jẹ́ pé tí ẹ bá tẹ ọ̀kan, méjèèjì á mú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òfin èéfín mú ọ̀pọ̀ wọn kúrò lórí kábúrétọ̀, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń kó wá fún wa ṣì wà lórí kábúrétọ̀, ìyẹn kò sì dùn mí, torí epo wa máa ń ní ìdọ̀tí, ọmọṣẹ́ mi tó kéré jù sì lè fọ kábúrétọ̀ kí ẹ tó jẹ àkàrà tán. Ọ̀rọ̀ bíréèkì ló ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún wa ṣì jẹ́ pé iwájú dá wà, ẹ̀yìn dá wà, kò sí ohun tó máa gba aláìmọ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ní láti kọ́ bíréèkì iwájú fúnra yín. Àwọn tó ń kọ́ọ̀yàn ní ọ̀kadà lẹ́bàá ọ̀nà máa ń ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án, pé yóò gbé yín dà nù. Ìmọ̀ràn yẹn ti pààyàn. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ìwúwo yín àti ti máṣíìnì á ya lọ síwájú. Táyà iwájú á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, tẹ̀yìn á fúyẹ́. Ẹni tó ń lo ti ẹ̀yìn nìkan ń fi èyí tó fúyẹ́ dúró, ìdí sì nìyẹn tó fi ń yọ̀ tó sì ń wọ́ gbọọrọ kó tó dúró. Ẹ fi ìka méjì fún ti iwájú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ẹ ń fún ọsàn, kí ẹ tẹ ti ẹ̀yìn pẹ̀lú rẹ̀, nígbà tí máṣíìnì bá wà lóòró. Lórí iyanrìn, lórí ilẹ̀ pupa tí òjò rọ̀ sí, tàbí nígbà tí ẹ bá ń yà, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ fúyẹ́ gan-an. Kí ẹ tó wọ títì, ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣe é tó ìgbà ọgọ́rùn-ún níbi tí kò sí ọkọ̀.

Kí ni mo wá ń ní kí èèyàn rà? Ẹ kọ́kọ́ jókòó lé e nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú bàtà tí ẹ máa wọ̀ gùn ún. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì kò bá tẹ ilẹ̀ dáadáa, tó jẹ́ orí ìka ẹsẹ̀ lẹ fi ń nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í síwájú, ẹ tì í sẹ́yìn, ẹ gbé e sórí sitáńdì fúnra yín. Àwọn 100 sí 150cc tiwa máa ń wọ̀n tó kìlógíráàmù 110 sí 125. Àwọn 200 lè lé ní 140, a sì máa ń mọ ìyàtọ̀ yẹn lára nígbà tí máṣíìnì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí dà.

Fún ẹni tó dá ń lọ síbi iṣẹ́ nínú ìlú, 100 sí 125cc tó: Honda ACE tí wọ́n ń tò ní Ọ̀tà, HLX kékeré, Boxer 100, Yamaha Crux. Èyíkéyìí tí ẹ bá rí ohun èlò rẹ̀ rà ládùúgbò yín ló dára jù. Àgbẹ̀ tó ń gbé iṣu láti oko Ṣakí, tàbí ẹni tó ń gun òkè Èkìtì lójoojúmọ́, lè ra 150, ṣùgbọ́n kó fi kékeré kọ́ ọ ná. Ẹni tí kílọ́ọ̀ṣì ń dẹ́rù bà, kó wá èyí tí kò ní in, àwọn tí wọ́n ń pè ní ti obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ni àwọn bàbá tíṣà tó gun Honda kékeré títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Ẹ ṣáà wo táyà. Èyí tí táyà rẹ̀ kéré, tí kò ju íǹṣì 10 lọ, máa ń rì sínú kòtò tí oní-íǹṣì 17 máa ń gorí rẹ̀ kọjá.

Ẹ béèrè ètò jíà pẹ̀lú. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ lẹ máa tẹ gbogbo rẹ̀ sí, àwọn mìíràn ń fẹ́ kí ẹ tẹ ìkíní sísàlẹ̀, kí ẹ sì gbé ìyókù sókè. Ẹni tó bá fi ọ̀kan kọ́ ọ tó wá yá èkejì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ lè sọ ọ́ sí jíà kékeré lórí eré.

Tòkunbọ̀ tàbí àlòkù ọlọ́kadà? Máṣíìnì tó fi ọdún kan gbé èrò ti ṣiṣẹ́ ju èyí tí tíṣà gùn fún ọdún márùn-ún lọ. Ẹ má rà á láìsí ìwé, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ara irin rẹ̀ wé ti ìwé náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í bi mí nípa èyí tó ń lo bátìrì. Ní Kútọnu àti Lomé, ilé iṣẹ́ Spiro ti ń gbé irú rẹ̀ fún àwọn ọlọ́kadà láti 2022, wọn kì í sì dúró gba iná: wọ́n á yọ bátìrì tó tán, wọ́n á ki èyí tó kún bọ̀ ọ́. Kò ní kílọ́ọ̀ṣì, kò ní jíà, ó rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo agbára rẹ̀ ló máa ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń kọjá kì í sì gbọ́ ìró rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò. Tó bá jìnnà sílé yín, ẹ dúró ná.

Ẹ yọ owó akoto sọ́tọ̀ kí ẹ tó dúnàá-dúrà rárá. Mo rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn tí kò dé e, tí àwọn kan ń dé igbá àti ike ọ̀dà sórí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in, torí mo mọ àwọn tí wọ́n gbé kúrò lójú títì. Kó ṣe wẹ́kú, kí okùn rẹ̀ sì dè lábẹ́ àgbọ̀n.

Ní ti nọ́ọ̀sì wa, a bá a ta 200 náà fún ẹnì kan tó ń lọ Èkó, ó fi owó rẹ̀ ra 110. Láràárọ̀ Sátidé, a máa ń pàdé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n da kọnkéré sí. Mo ti to bíríkì méjì síbẹ̀, ibi tó gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún bíréèkì àti ibi tó gbọ́dọ̀ dúró. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ó kọjá bíríkì kejì ní gbogbo ìgbà, torí kò fẹ́ fọwọ́ kan ti iwájú. Ní Sátidé kẹta, ó dúró síwájú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, táyà kò yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wà nílẹ̀.