Ẹni tó ní òun ò ní gbẹ̀san, kì í ṣe ojo

Àwa tá à ń gbé Ilé-Ifẹ̀, a ò tíì gbàgbé ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó jà láàárín 1997 sí 2000, ilé jóná, èèyàn kú, àwọn tó ti fẹ́ra wọn tí wọ́n sì ti jọ bímọ wá ń sá fún ara wọn. Títí dòní tẹ́nì kan bá ní òun ò ní gbẹ̀san, wọ́n á ní ojo ni. Irọ́ ni, ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ní Íńdíà, ó ti tó bíi 2,500 ọdún tí Mahavira ti ń kọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Jain pé wọn ò gbọ́dọ̀ pa ohun ẹlẹ́mìí kankan, débi pé àwọn míì nínú wọn ń gbálẹ̀ níwájú ara wọn kí wọ́n má baà tẹ kòkòrò pa. Nílẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí náà, ní Tebessa tó wà ní Algeria, lọ́dún 295, wọ́n fẹ́ fi èdìdì òjé kọ́ ọmọ ọdún 21 kan tó ń jẹ́ Maximilian lọ́rùn kó lè di sójà, ó ní Kristẹni lòun, òun ò lè jagun. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Ṣé ojo nìyẹn?

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Johannesburg. Ìjọba Transvaal, ìyẹn apá South Africa tí Johannesburg wà nígbà yẹn, fẹ́ fipá mú àwọn ará Íńdíà pé kí wọ́n wá tẹ̀ka kí wọ́n sì máa gbé ìwé kiri, ni wọ́n bá pàdé ní 11 September 1906, lọ́yà Gandhi wà níbẹ̀, àmọ́ Mùsùlùmí kan, Haji Habib, ló dìde pé kí gbogbo wọn fi Ọlọ́run búra pé àwọn ò ní gbà. Gandhi ní kẹ́ni tó bá máa búra mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀ o, ikú náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n búra. Nígbà tó di August 1908, wọ́n da ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó lé ní 2,000 táwọn kan ti gbà sínú ìkòkò irin ńlá níwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n da karosíìnì lé e, wọ́n ṣáná sí i.

Lọ́dọ̀ Gandhi yìí ni Martin Luther King, pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ti kọ́ púpọ̀ nínú ọ̀nà àìgbẹ̀san yìí. Wọ́n ju bọ́ǹbù sílé ẹ̀ ní Montgomery ní January 1956, ìyàwó àti ọmọ wà nínú ilé, àwọn èèyàn ẹ̀ ti kóra jọ tàwọn tìbọn, ó dúró níwájú ilé ó ní kí wọ́n gbé ohun ìjà wọn lọ sílé. Wọ́n lọ. Torí pé wọ́n ń fipá mú àwọn aláwọ̀ dúdú jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ọjọ́ 381 làwọn èèyàn King ò fi wọ bọ́ọ̀sì ìlú yẹn, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń fi mọ́tò ara wọn gbéra wọn, títí tílé ẹjọ́ fi ní kí wọ́n jókòó síbi tó bá wù wọ́n.