Bí ìrépé aṣọ ṣe ń di ìbora: iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ kan ní Iléṣà

Nígbà tí òde bá ku ọ̀la, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló yẹ kéèyàn wò. Láyìíká ọjà Àtákúnmọ́sà ní Iléṣà, aṣọ ẹbí á ti kúrò lórí tábìlì, àwọn tó ni ín á ti gbé e lọ sílé. Ohun tó kù nílẹ̀ ni igun tí wọ́n gé dànù, ojú ọrùn tó jáde róbótó, àti ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò tó fi ṣe nǹkan kan. Ọmọṣẹ́ á gbá gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì. Òmíràn á di ohun ìnu ẹ̀rọ, òmíràn á di ìdáná, òmíràn á wọnú ìrọ̀rí. Ẹni tó bá ń rán ìbora onírépé á ti yọjú kí ìgbálẹ̀ tó débẹ̀: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fi aláwọ̀ ewé yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Ìbora onírépé kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo. Mẹ́ta ló gorí ara wọn. Ti òkè ni ojú, èyí tí wọ́n fi ìrépé tò pọ̀. Ti àárín ni inú, òun ló ń mú ooru. Ti ìsàlẹ̀ ni ẹ̀yìn, aṣọ gbalaja kan báyìí. Ohun tó sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan ni òwú ìránṣọ tó gba inú gbogbo wọn kọjá, ìlà lẹ́yìn ìlà. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú: wọ́n á rò pé bí àwọn bá ti rán ìrépé pọ̀, iṣẹ́ ti tán. Ojú nìkan ni wọ́n ṣì ní lọ́wọ́.

Iṣẹ́ náà kò sì jìnnà sí ohun tí Yorùbá ti mọ̀. Aṣọ òkè fúnra rẹ̀, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ tó íńṣì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni ahunṣọ ń hun. Ẹni tó rán an ló ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi di ìró tàbí agbádá. Ẹ̀kú eégún ńkọ́? Àwọn kan wà tí ìdílé ń fi aṣọ tuntun kún lóòrèkóòrè, ankara lórí àdìrẹ, àrán lórí ankara, tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á fi ka ìtàn agboolé náà lára rẹ̀. Ní Òkè Ọya, àwọn ẹlẹ́ṣin Sókótó àti Bọ̀nú ayé àtijọ́ ń wọ ẹ̀wù ogun tí wọ́n ki òwú àràbà sáàárín rẹ̀, wọ́n ń fi irú rẹ̀ bo ẹṣin pẹ̀lú, wọ́n sì ń rán ìlà wọ̀ ọ́ kí òwú náà má baà ṣí kiri. Ìbora onípele mẹ́ta gan-an nìyẹn, àfi pé ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ń dènà, kì í ṣe ọyẹ́.

Lókè òkun, iṣẹ́ náà di ohun àpéwò. Ní abúlé Gee's Bend ní ìpínlẹ̀ Alabama, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí àwọn baba ńlá wọn ṣe ẹrú nínú oko òwú ń fi ṣòkòtò oko tó ti gbó rán ìbora nítorí òtútù. Ní 2002, wọ́n pàtẹ àwọn ìbora wọ̀nyí ní ilé ọnà ńlá kan ní Houston. Ní 2006, àwòrán wọn wà lórí sítáǹpù ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà.

Iléṣà ní tirẹ̀, ìlú aláṣọ ni láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn òṣómàáló, oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri ìlú tó ń tà á láwìn, tó sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó á fi jáde, ló so orúkọ Ìjẹ̀ṣà mọ́ aṣọ títà. Àpótí ìyá àgbà nílùú bẹ́ẹ̀ kì í ṣófo. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an sì ni ẹni tó ń rán ìbora ń wá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìrépé ló lè bára wọn gbé. Òwú gidi ni kó jẹ́: ankara, àdìrẹ, kámpálà. Léèsì ní ihò, sátíìnì ń yọ̀, aṣọ tó ń fà kò ní í dúró lójú kan. Ankara tí ọjà ń tà lóde òní sì pọ̀ níyàtọ̀, nítorí náà wọ́n máa ń dán an wò. Wọ́n á fa okùn tín-ín-rín kan yọ létí rẹ̀, wọ́n á ṣáná sí i. Òwú á jó bí ìwé, á rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì lẹ̀ kúnná. Pọliẹ́sítà á yọ́, á ká jọ, bó bá tutù á le bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Bí méjèèjì bá wà nínú ìbora kan, ọ̀kan á súnkì nígbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ìkejì kò ní í súnkì, gbogbo ojú rẹ̀ á wá wú káṣá-kàṣà-káṣá.

Ìdí nìyí tí fífọ̀ fi ń ṣáájú gígé. Ankara tuntun ní sítáàṣì lára. Ó ní láti kúrò, kí aṣọ súnkì tán kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án. Àdìrẹ tí wọ́n fi ẹlú pa láró ló ń dani láàmú jù. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú bàsíà pẹ̀lú àkísà funfun kan. Bí àkísà bá yọ búlúù, wọ́n á da omi nù, wọ́n á tún un rẹ. Àwọn kan á ní iyọ̀ ló ń dá aró dúró. Aró tó bá ti pọ̀ ju ohun tí aṣọ lè gbé lọ, iyọ̀ kò rí nǹkan kan ṣe sí i. Omi ni, àti sùúrù, títí àkísà á fi jáde ní funfun.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò dé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà sì ti ń dùn mọ́ ẹni tó bá fẹ́ràn kó dọ́gba. Ìrépé onígun mẹ́rin tó jẹ́ íńṣì 5 àti ààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì á wọnú ìránpọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, íńṣì 5 ló máa hàn lójú. Ìbora tó bá fẹ̀ ní íńṣì 60, tó gùn ní 80, á gba ìrépé 12 ní ìbú àti 16 ní òró: 192. Bí ankara bá fẹ̀ ní íńṣì 45, ọ̀pá kan á mú 48 jáde. Ọ̀pá 4 péré ni ojú ìbora odindi, kò tó ankara ọ̀pá 6 tí èèyàn ń rà fún òde kan.

Àṣìṣe kékeré ló ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Bí ìránpọ̀ bá fi ìdá kan nínú 16 íńṣì jẹun ju bó ṣe yẹ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sí ojú tó máa rí i. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ìrépé kan pàdánù. Tó bá fi máa dé ìrépé kejìlá, ìlà náà á ti fi íńṣì kan àti ààbọ̀ kúrú ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ. Páálí tí wọ́n fi ń wọn aṣọ náà máa ń purọ́. Wọ́n á gé ọ̀kan, wọ́n á fi í gé èkejì, wọ́n á fi èkejì gé ẹ̀kẹta, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì fi díẹ̀ tóbi ju ìyá rẹ̀ lọ. Àwọn tó ti jìyà rẹ̀ rí máa ń pa páálí àkọ́kọ́ mọ́, kì í kúrò nílé. Òun nìkan ni wọ́n fi ń bí àwọn yòókù. Aṣọ sì ní ibi tí okùn rẹ̀ dorí kọ: bí wọ́n bá gé e tẹ̀lé okùn, á dúró, bí wọ́n bá gé e láti igun sí igun, á máa fà bíi rọ́bà.

Kí wọ́n tó rán ohunkóhun, gbogbo ìrépé á kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ pálọ̀. Ojú lè tan èèyàn níbẹ̀, torí pé pupa àti àwọ̀ ewé tó yàtọ̀ síra gan-an lè jọ ara wọn ní dídán, kí ìbora náà wá rí bọ́gbọ́bọ́gbọ́ láti òkèèrè. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ kò ná ni ní kọ́bọ̀: wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Ibi tó ṣókùnkùn àti ibi tó mọ́lẹ̀ á hàn gbangba, wọ́n á ṣí díẹ̀ kúrò, wọ́n á fi díẹ̀ rọ́pò. Ọmọdé inú ilé á ti rìn kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó di pé wọ́n kó o nílẹ̀.

Méjì méjì ni wọ́n ń rán an pọ̀, títí á fi di ìlà. Wọ́n á lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n títẹ̀ ni, kì í ṣe wíwọ́. Áyọ́ọ̀nù tó bá ń wọ́ aṣọ ń fà á gùn. Ìdí ìránpọ̀ ìlà kìíní, ìyẹn etí aṣọ tó wọnú ìránpọ̀, á dà sí ọ̀tún, ti ìlà kejì á dà sí òsì, ti ìkẹta á tún dà sí ọ̀tún. Nígbà tí ìlà méjì bá wá fẹ́ pàdé, àwọn ìdí ìránpọ̀ wọ̀nyí á wọnú ara wọn bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì ko ara wọn lójú kan. Ìka á mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i.

Inú rẹ̀ ni ojú ọjọ́ Iléṣà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí. Ìlú olókè tó ń tutù lóru ni, pàápàá nígbà ọyẹ́, àmọ́ ooru ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Ohun tó nípọn tí àwọn ará òkè òkun ń fi sáàárín tiwọn kò bá a mu. Kúbùsù àtijọ́ tó ti fẹ́lẹ́ ló dára jù, tàbí ìró òwú tó ti gbó dáadáa. Òwú àràbà ń wu èèyàn nítorí fífúyẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, kì í di ara rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á ṣù jọ sí igun kan. Kó wà nínú ìrọ̀rí.

Wọ́n á wá tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó dáa kọjú sílẹ̀, wọ́n á tẹ́ inú lé e, wọ́n á tẹ́ ojú lé gbogbo rẹ̀. Wọ́n á fi òwú gán an lójú jínjìnnà kí ó má baà ṣí, èyí tí wọ́n máa tú nígbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni rírán tòótọ́: abẹ́rẹ́ kúkúrú, òwú tó lágbára, àti fìlà irin kékeré tí wọ́n ń dé fún ìka àárín, nítorí ìka yẹn ló ń ti abẹ́rẹ́ gba ìpele mẹ́ta kọjá. Ọwọ́ kan wà lókè, ọwọ́ kejì wà nísàlẹ̀ tó ń dúró de ẹnu abẹ́rẹ́. Bí orí abẹ́rẹ́ bá kan ìka ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ́, ọwọ́ òkè á yí i padà sókè. Àárín ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á máa lé aṣọ tó wú lọ sí etí. Ẹni tó bá ti etí bẹ̀rẹ̀ á rí òkè kékeré tó dì sí àárín, kò sì ní í ríbi lé e lọ. Ìlà kan kò gbọdọ̀ jìnnà sí èkejì ju íńṣì 3 tàbí 4 lọ. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló ń lọ síbẹ̀.

Etí rẹ̀ kò le: ọ̀já ankara tó fẹ̀ ní íńṣì 2 àti ààbọ̀, tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì, ni wọ́n fi ń bò ó yípo.

Ẹnì kan kì í sábà ní ìrépé tó pọ̀ níyàtọ̀ tó. Aṣọ ẹbí kan náà ló máa kún àpò rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ló ń yanjú èyí, ó sì ń rí bí èsúsú: bí ẹni 8 bá kó ara wọn jọ, kí kálukú mú ìrépé 24 wá lóṣù, 192 ni ẹni tó kàn máa kó. Ojú ìbora kan nìyẹn, láti àpótí 8. Páálí kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fi gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìjà á dé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rán an.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fojú kéré. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi aṣọ tó ti kan ara wọn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọn kò mọ ohun tó lè fi ṣe. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìrépé ọ̀dọ̀ télọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ ni kí wọ́n tọrọ lọ́wọ́ irú wọn. Aṣọ olóògbé náà, àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi. Ìdílé kan á fẹ́ kí ìró màmá wọn di ìbora 4 kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan; òmíràn kò ní í fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ní Amẹ́ríkà, ìbora ìrántí àwọn tí àrùn AIDS pa dé gbangba ní Washington ní October 1987 pẹ̀lú ìrépé 1,920, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó fẹ̀ ní 3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ibojì kan.

Ìkómọjáde ni wọ́n sábà ń fi ìbora onírépé ta lọ́rẹ. Ó dára, àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ rẹ̀, ó lè bò ó nímú. Kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ọmọ máa ṣeré lórí rẹ̀. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, abẹ́ ibòòji ni kí wọ́n sá a sí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìrépé kan á kọ́kọ́ gbó, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n rò. Wọn kì í tú u. Wọ́n á wá irú aṣọ yẹn kan náà, wọ́n á ṣẹ́ etí rẹ̀, wọ́n á rán an lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí àpò ìrẹsì yẹn fi máa ń wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí.