Ta Ni Yóò Mú Orílẹ̀-Èdè Tó Fàyè Gba Igbó?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí orílẹ̀-èdè kan bá fàyè gba títa igbó, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yóò fagi lé òfin rẹ̀. Irọ́ ni. Àdéhùn ọdún 1961 lórí oògùn olóró kò ní ọlọ́pàá. INCB, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 13 tó ń mójú tó o láti Vienna, lẹ́tà ló ń kọ, ìròyìn ọdọọdún ló ń gbé jáde. Ó lè dábàá pé kí àwọn yòókù má ta oògùn fún ẹni tó ṣẹ̀, àmọ́ ta ni yóò tìtorí igbó fi oògùn apàrora du aláìsàn?

Ohun tí àdéhùn náà sọ kò fara sin: ìwòsàn àti ìwádìí sáyẹ́ǹsì nìkan ni a lè lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún. Uruguay kọjá ibẹ̀ ní 2013 nígbà tó fàyè gba igbó, ó ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló ṣíwájú. Kánádà ṣe tirẹ̀ ní 2018, kò tilẹ̀ ṣàwáwí: ó gbà pé òun rú àdéhùn, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ọgbọ́n gidi wà lọ́wọ́ Bolivia ní Gúúsù Amẹ́ríkà, lórí ewé kókà, ewé tí wọ́n fi ń ṣe kokéènì. Àdéhùn ní kí rírún ewé náà lẹ́nu dópin láàárín ọdún 25. Àṣà ìran wọn sì ni. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí a tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, àwọn kan yarí. Ẹnu ọ̀nà nìkan, ìyẹn ìgbà tó bá ń wọ inú àdéhùn, ni èèyàn sì ti lè sọ ohun tí kò gbà. Ó dà bí àlejò tó ti jókòó ti oúnjẹ kó tó rántí pé òun kì í jẹ ẹran. Kí ni yóò ṣe? Ó dìde, ó dágbére, ó rìn dé ìta, ó yíjú padà, ó kanlẹ̀kùn: "Ẹ kúulé o, n kì í jẹ ẹran." Ohun tí Bolivia ṣe gan-an nìyẹn. Ó kọ̀wé ní 2011, ó jáde tán ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ó padà wọlé ní Oṣù Kìíní 2013, ó gba gbogbo rẹ̀ àfi ti ewé kókà.

Kí wọ́n tó lè tì í síta, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó wà nínú àdéhùn gbọ́dọ̀ kọ̀, ìyẹn ju 60 lọ. Orílẹ̀-èdè 15 péré ló kọ̀. Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Bìrìtéènì wà níbẹ̀. Kánádà náà wà níbẹ̀, ọdún márùn-ún ṣáájú kó tó gba igbó láàyè.