Òjò kan náà, àgbàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí àgbàrá bá gbé afárá kékeré lọ lápá Kàbbà tàbí Ìsánlú, ohun tí wọ́n máa ń sọ ò ju pé òjò ti pọ̀ jù. Ẹni tó ní ìwọn òjò lẹ́yìnkùlé á ní mìlímítà 60 lòun kà. Ó dáa, wákàtí mélòó ló fi rọ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ilẹ̀ kan gùn ní kìlómítà 2, ó fẹ̀ ní kìlómítà 1. Mìlímítà 60 lórí rẹ̀ jẹ́ lítà omi mílíọ̀nù 120. Bí gbogbo rẹ̀ bá ya wọ odò, tó sì jẹ́ wákàtí 1 ló fi rọ̀, ó lé ní lítà 33,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó bá fi wákàtí 24 rọ̀, kò tó 1,400. Ilẹ̀ á mu nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òjò pẹ̀lẹ́ ló máa ń rí mu jù.

Àpáta tiwa níbí kì í mu nǹkan kan. Ọ̀wààrà á bọ́ lé e lórí, á ṣàn gba inú oko, kò sì ní pẹ́ tí omi pupa á ti kó ewé àti igi wá dí ẹnu afárá, nígbà tí àwọn ará ọjà ṣì ń yà fún òjò.

Ìgbà tí ọ̀wààrà dé náà ṣe kókó. Òjò oníjì oṣù kẹrin sábà máa ń kọ́kọ́ rọ kíkan, kó tó wá di winniwinni. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, tó wá fi ọ̀wààrà parí, ni mo bẹ̀rù jù: ilẹ̀ ti mu àmuyó kó tó dé.

Àwọn ẹnjiníà ní àṣìgbàgbọ́ tiwọn, pé ìlànà kan ṣoṣo ti tó láti fi pín òjò sí wákàtí tó fi rọ̀. Type II, ìyẹn irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn láti lò, kó nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 òjò wákàtí 24 sínú wákàtí kan láàárín. Òjò Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é! Ní Ọsirélíà, ìlànà 10 ni wọ́n ń dán wò fún òjò kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ òjò ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún lọ́dọ̀ wa, ó kéré tán, kí wọ́n dán ọ̀wààrà ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti ìparí wò.

Ẹ má ka Lọ́kọ́ja mọ́ èyí o. Omi ọdún 2012 àti 2022, Odò Ọya àti Bẹ́núè ló gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀wààrà wákàtí kan ò tó nǹkan lójú irú odò bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ òjò ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń kún un.