Òṣómàáló Inú Fóònù: Kí Ni Àtúnyẹ̀wò Alálàfo, Báwo Ló Sì Ṣe Ń Tún Gírámà Gẹ̀ẹ́sì Ọmọ Ṣe?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Kubwa, ní Àbújá níbí, ọmọbìnrin kan tó ń múra sílẹ̀ fún JAMB jókòó síwájú mi. Mo kọ gbólóhùn kan sójú bọ́ọ̀dù: "The principal, as well as the teachers, ___ in the hall." Mo ní kó fi "is" tàbí "are" dí àlàfo náà.

"Are ni, sà."

Mo ṣàlàyé fún un pé "principal" ni ọ̀rọ̀ kàn, ẹnì kan ṣoṣo sì ni. "As well as the teachers" kàn bá a rìn wá ni, bí ọ̀rẹ́ ìyàwó ṣe ń bá ìyàwó rìn. Ọ̀rẹ́ ìyàwó lè tó mẹ́wàá, kò sọ ìyàwó di méjì. "Is" ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó ní ó ti yé òun. Ó sì yé e lóòótọ́, nítorí ó gba márùn-ún tó tẹ̀ lé e láìṣi ọ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún bi í ní ti àkọ́kọ́.

"Are ni, sà."

Ọmọ yẹn kì í ṣe olódo. Ohun tó yé èèyàn lónìí lè ti fò lọ kó tó di ọ̀la, pàápàá bí kò bá sóhun tó pè é padà. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń pè é padà, Òyìnbó ń pè é ní spaced repetition. Èmi ń pè é ní àtúnyẹ̀wò alálàfo, nítorí pé àyẹ̀wò ni, a ń tún un ṣe, a sì ń fi àlàfo sáàárín ìgbà kan àti èkejì. Àlàfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí ọmọ bá ka nǹkan nígbà mẹ́wàá ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó máa dà bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n tán. Bó bá pín ìgbà mẹ́wàá yẹn sí oṣù méjì, yóò wà lórí rẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, ló fi orí ara rẹ̀ dán èyí wò, tó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1885. Ó ń há ègé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ sórí, ó wá ń padà wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú, lẹ́yìn wákàtí, lẹ́yìn ọjọ́, kó lè mọ iye tó kù. Ó rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ìgbàgbé ti ń sáré jù, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń falẹ̀. Ó tún rí i pé àkàtúnkà tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju èyí tí a kó jọ sójú kan. Àwa tí a lọ ilé kéwú kò ní torí èyí ṣí ẹnu sílẹ̀. Ààfáà kò jẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ tuntun sílé kó jẹ́ òun nìkan. Bí o bá ti ka ti òní tán, wọ́n á ní kó o padà lọ ka ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹgba la sì fi ń ka ti oṣù tó kọjá.

Ibi tí sọ́fítíwíà ti wọ ọ̀rọ̀ ni pé ààfáà kan kò lè rántí ohun tí ọmọ ogójì kọ̀ọ̀kan fẹ́ gbàgbé lọ́la. Kọ̀ǹpútà lè rántí. Ẹ jẹ́ kí n fi òṣómàáló ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ mọ àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láyé ọjọ́un, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n ní àwọn ò ní dìde títí àwọn ó fi gbowó àwọn. Ẹni tó bá sanwó déédéé, òṣómàáló á fún un láyè, ó lè pẹ́ kó tó tún yà síbẹ̀. Ẹni tó bá ń sá, òun ni yóò bá lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sọ́fítíwíà yìí ṣe ń bá ọmọ lò. Ìbéèrè tí ọmọ gbà, á lọ jìnnà kó tó padà. Èyí tó ṣì, kò ní jẹ́ kó simi.

Kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà nìkan ló ti ṣeé ṣe o. Ní 1972, ará Jámánì mìíràn, Sebastian Leitner, kọ ọ́ bí èèyàn ṣe lè fi páálí ṣe é. Èmi náà ti fi páálí bàtà mẹ́ta ṣe é nígbà tí iná lọ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan ládùúgbò wa. Páálí kìn-ín-ní, ojoojúmọ́ la ń ṣí i. Ìkejì, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ìkẹta, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ìbéèrè wà lójú káàdì kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Káàdì tí ọmọ bá gbà, ó bọ́ sí páálí iwájú. Èyí tó bá ṣì, ibi yòówù kó ti dé, páálí kìn-ín-ní ló ń padà sí. Ní 1987, ọmọ ilẹ̀ Póláńdì kan, Piotr Woźniak, gbé irú ìṣirò yìí sórí kọ̀ǹpútà. Ní 2006, Damien Elmes gbé sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Anki jáde, òun sì ni mo ń lò, nítorí ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù Android. Orí iPhone ni wọ́n ti ń gbowó. Bó bá sì ti wọ fóònù tán, kò nílò dátà mọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ìbéèrè yọ lójú fóònù. Ọmọ á kọ́kọ́ dáhùn, ì báà jẹ́ lẹ́nu, ì báà jẹ́ sínú ìwé, kó tó tẹ ibi tí ìdáhùn wà. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ ọ̀kan nínú bọ́tìnì mẹ́rin: òun ṣì í, òun gbà á tipátipá, òun gbà á, tàbí ó rọ òun lọ́rùn. Nínú ìṣirò rẹ̀ ti àtijọ́, káàdì tí ọmọ ń gbà déédéé, àlàfo rẹ̀ ń fẹ̀ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1, ó di bí ọjọ́ 3, ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó di nǹkan bí ọjọ́ 19, ó wá lé ní oṣù kan ààbọ̀. Láti 2023, Anki ti ní ìṣirò tuntun kan tó máa ń wo bí oníkálukú ṣe ń gbàgbé kó tó dá ọjọ́ fún un.

Ẹ ṣàkíyèsí pé sọ́fítíwíà náà ò ní olópàá. Bí ọmọ bá ṣì í tó tẹ "mo gbà á", á gbà á gbọ́. Èmi ti rí i tí ọmọkùnrin kan parí ogójì ìbéèrè ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo ní kó sọ ọ̀kan péré fún mi nínú wọn, ó ń wo àjà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ gírámà gan-an, torí àṣìṣe ọmọ Yorùbá nínú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣàdédé wá. Ilé ló ti ń wá, a kò sì lè rí oògùn rẹ̀ bí a kò bá mọ orírun rẹ̀. Ẹ wo "one of my friend". Nínú Yorùbá, "ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi" là ń wí. "Àwọn" ló ru ẹrù ọ̀pọ̀, "ọ̀rẹ́" kò yí padà rárá. Gẹ̀ẹ́sì kò ní alábàárù bẹ́ẹ̀, ìdí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló so ẹrù mọ́, ó fi "s" kékeré kan so ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni "mo lọ, o lọ, ó lọ, wọ́n lọ": "lọ" kò mọ ẹni tó ń lọ, kò sì fẹ́ mọ̀. Ọmọ wá bá "I go, he goes" pàdé, ó rò pé Òyìnbó kàn fẹ́ da òun láàmú ni.

Ti ọ̀wọ̀ ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ọmọ kan kọ ọ́ sínú àròkọ pé "My father they are a civil servant." Bàbá ọmọ kì í ṣe méjì. Ilé tí wọ́n ti ń sọ pé "Dádì ti dé, wọ́n wà nínú yàrá" ló ti wá, ẹ̀kọ́ ilé tí a fi kọ́ ọ ló gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. "My mother, he said" náà ńkọ́? "Ó" wa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Ọmọ Hausa tó jókòó tì í ní kíláàsì ti ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ pẹ̀lú "ya", tó ń ya obìnrin sọ́tọ̀ pẹ̀lú "ta", láti ọwọ́ ìyá rẹ̀ wá. Àwọn ọmọ wa tó gbọ́ Hausa ní ìgboro Àbújá, mo máa ń sọ fún wọn pé níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti lè sọ "ta" ní Hausa fún èèyàn, "she" ni. Ó ń yára wọlé ju gbogbo àlàyé bọ́ọ̀dù mi lọ.

Nítorí náà, káàdì tó dára jù ni èyí tó ti inú àṣìṣe ọmọ fúnra rẹ̀ jáde. Mo máa ń gba ìwé àròkọ wọn, mo máa ń fa ìlà sí ìdí ibi tí wọ́n ti ṣì í, àwọn náà ni yóò tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Ohun kan ṣoṣo ni káàdì kan ń bèèrè. Fún "one of my friend", méjì la ṣe. Ojú èkíní: "One of my ___ lives in Dutse Alhaji." Ẹ̀yìn rẹ̀: "friends; àárín ọ̀pọ̀ la ti mú un." Ojú èkejì: "One of my friends ___ in Dutse Alhaji." Ẹ̀yìn rẹ̀: "lives, ẹnì kan ló ń gbé ibẹ̀." Àlàyé ẹ̀yìn káàdì kò gbọdọ̀ ju ìlà kan lọ, Yorùbá ni mo sì fi ń kọ ọ́, láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Mi ò fi A, B, C, D sí i. Ìdánwò ló ni ìyẹn. Níbi ìgbáradì, ọmọ lè fojú wá ìdáhùn níbi tí orí ò ti rí i.

Àléébù kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí n sọ. Bó bá jẹ́ gbólóhùn kan náà ló ń padà wá, ọmọ á mọ ojú káàdì bí ẹni mọ ojú ará ilé, kò ní mọ òfin. Á rí "principal", á ní "is", kò ní ronú. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa kọ gbólóhùn márùn-ún lórí òfin kan: "together with", "in addition to", "along with", a tún yí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn padà, kó lè jẹ́ pé "The teachers, as well as the principal, are…" náà á wà níbẹ̀ láti dẹ́rù bà wọ́n.

Ẹ má fi èyí wé sọ́fítíwíà past question tí wọ́n ń tà káàkiri o. Ìyẹn ń da ìbéèrè lù ni, ó ń ṣírò máàkì, kò mọ̀ pé o ṣì ti àná. Ó wúlò fún kí ojú ọmọ mọ́ kọ̀ǹpútà, torí láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo UTME kúrò lórí ìwé, ìbéèrè Use of English nìkan sì jẹ́ 60. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan fi ojú mi rí nǹkan. Ó ní ìdáhùn sí "Neither the students nor the teacher ___ absent" ni "were". Ẹni tó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe jù ni "teacher", "was" ló yẹ. Àwọn ọmọ mi ti fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta há irọ́ yẹn sórí kí n tó mọ̀. Àtúnyẹ̀wò alálàfo náà kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Bí ẹ bá fi àṣìṣe sínú káàdì, á kan àṣìṣe náà mọ́ ọmọ lórí dáadáa. Olùkọ́ ní láti kọ́kọ́ wo gbogbo káàdì.

Òmíràn ni pé káàdì tuntun 20 lójúmọ́ ni Anki máa ń gbé kalẹ̀ bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án. Ó pọ̀ jù fún ọmọ tó ṣì fẹ́ ka Physics. Márùn-ún ni mo ń fi sí i. Ẹni tó bá pa á tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbèsè á ti ga, òṣómàáló á ti pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà; irú wọn ni mo ń ní kí wọ́n san ogún ogún lójúmọ́ títí yóò fi tán, kí wọ́n má fi káàdì tuntun kún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, inú mọ́tò láti Kubwa lọ sí Berger ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ìdánwò ku ọjọ́ méjì lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, ẹ fi sílẹ̀, kò sí àlàfo tí ẹ fẹ́ fi sáàárín ọjọ́ méjì.

Ọmọbìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ṣi káàdì "as well as" lẹ́ẹ̀mẹrin ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó tilẹ̀ bínú sí fóònù. Ìgbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, àlàfo káàdì náà ti di ọjọ́ 47. Èyí tó kù tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀ báyìí ni "lest".