Ṣé Lóòótọ́ Ni Apààyàn Ń Fi Owó Ra Ara Rẹ̀ Láyé Àtijọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ pé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń gba owó lọ́wọ́ apààyàn lórí ẹni tó pa ló máa ń sọ pé ẹ̀mí ènìyàn kò jọ wọ́n lójú nígbà náà, pé ẹni tó bá ti lówó lọ́wọ́ lè pa ẹni tó bá wù ú, kó kówó sílẹ̀, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà.

Kò sí ọlọ́pàá láyé ìgbà náà, ẹbí sí ẹbí ló sì ń rí sí ọ̀rọ̀ ikú. Ẹbí òkú lẹ́tọ̀ọ́ láti gbẹ̀san, wọ́n sì lè gbà á lára àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n apààyàn tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Owó gbà-má-bínú yìí, tí wọ́n ń pè ní wergild, ìyẹn owó ènìyàn, ni wọ́n fi ń pa iná ìjà náà kó tó ran ilé kejì. Nínú òfin Ọba Æthelberht ti Kent, ọ̀kan lára àwọn ìjọba kéékèèké tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tó jáde ní nǹkan bí ọdún 600, ṣílè 100 ni wọn yóò san lórí mẹ̀kúnnù tí kì í ṣe ẹrú. Ṣílè 20 gbọ́dọ̀ jáde létí sàréè nígbà tí wọn kò tíì bò ó, kí gbogbo owó náà sì pé láàárín òru 40. Bí apààyàn bá sá kúrò nílùú, ìdajì rẹ̀ di gbèsè àwọn ẹbí rẹ̀.

Owó náà kì í sì í ṣe owó kékeré. Lábẹ́ òfin Ọba Ine ti Wessex, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún keje, ṣílè 1 ni abo àgùntàn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ nígbà Àjíǹde, bẹ́ẹ̀ sì ni owó orí mẹ̀kúnnù jẹ́ ṣílè 200. Igba abo àgùntàn, tọmọtọmọ! Àgbẹ̀ tó lè dá irú agbo ẹran bẹ́ẹ̀ kó sílẹ̀ kò wọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ẹbí fi ń dá a jọ, tí wọ́n sì fi ń kó ara wọn níjàánu.

Àwọn Frank, tí ìlú wọn wà lórí ilẹ̀ Faransé àti Jámánì òde òní, ló fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò rówó san hàn jù lọ. Òfin wọn tí à ń pè ní Salic, tí wọ́n kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà, sọ pé kí apààyàn náà kó ènìyàn 12 wá láti bá a búra pé kò ní ohun kankan mọ́, yálà lórí ilẹ̀ tàbí lábẹ́ ilẹ̀. Yóò wọ inú ilé rẹ̀, yóò bu erùpẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà kó kọjú sínú ilé, yóò sì fi ọwọ́ òsì ju erùpẹ̀ náà gba ẹ̀yìn èjìká rẹ̀ lu mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọn jù. Ẹni tí erùpẹ̀ bà ti jogún gbèsè nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni apààyàn náà yóò fo ọgbà ilé rẹ̀ kọjá láìwọ bàtà, láìsán ìgbànú, pẹ̀lú ẹ̀wù kan ṣoṣo lọ́rùn àti igi lọ́wọ́. Bí àwọn mọ̀lẹ́bí náà kò bá rí i san, wọn yóò mú apààyàn náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí kò bá sì sí ẹni tó rà á padà, ẹ̀mí rẹ̀ ni yóò fi dí i.

Òótọ́ kan wà nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ, mi ò sì ní fi pa mọ́: wọn kò ka ẹ̀mí sí ọgbọọgba. Ní Wessex, ṣílè 1,200 ni ti ọ̀tọ̀kùlú, ìlọ́po mẹ́fà ti mẹ̀kúnnù, bí wọ́n bá sì pa ẹrú, olówó rẹ̀ ni wọ́n ń san iye rẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ipò ẹni tó kú ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bí àpò apààyàn ṣe wúwo tó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ ìpànìyàn sọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, wọ́n ń yẹgi fún apààyàn, ẹrù rẹ̀ ń di ti ọba, ẹbí òkú sì ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Títí di ọdún 1808 ni ó ṣì rí bẹ́ẹ̀: ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kú nítorí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tó dojú dé pe ẹjọ́, adájọ́ Ellenborough sì sọ pé ikú ènìyàn kì í ṣe ohun tí a lè gba owó ìtánràn lé lórí nílé ẹjọ́. Ìpalára tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ fara gbà nìkan ni wọ́n sanwó lé lórí, àti àìrí ìyàwó rẹ̀ bá gbé títí di ọjọ́ tó mí kẹ́yìn. Ọdún 1846, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń pa ènìyàn, ni Ilé Aṣòfin wọn tó yí i padà, tí ọkọ, ìyàwó, òbí àti ọmọ òkú fi tún láǹfààní láti gba owó gbà-má-bínú. Òfin yẹn ni irú èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ wa ní Nàìjíríà ń lò lónìí ti ṣẹ̀ wá.