Self-efficacy: Ìdánilójú Ẹni Tí Ó Fẹ́ Dín Sísanra Kù

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá gba olùkọ́ eré ìdárayá tí yóò máa kọ́ òun nìkan ló gbà pé bí ara òun bá ti fúyẹ́ tán, ìgboyà tí ó ti kúrò lára òun yóò padà wá fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá kì í tò ó báyẹn. Self-efficacy ni wọ́n ń pe ìdánilójú tí ènìyàn ní pé òun lè ṣe iṣẹ́ kan pàtó yọrí, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ nira. Ìdánilójú yìí kì í dúró de ìgbà tí ara bá fúyẹ́ kí ó tó dé, nítorí pé òun gan-an ló sábà máa ń jẹ́ kí ènìyàn forí tì í títí ara yóò fi fúyẹ́.

Albert Bandura, tí wọ́n bí ní Kánádà ní ọdún 1925, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé èrò yìí kalẹ̀ ní 1977. Ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára iyì tí ènìyàn ń fún ara rẹ̀. Ènìyàn lè jẹ́ ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí ó mọ iyì ara rẹ̀ dáadáa, kí ó má sì gbà rárá pé òun lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta láìsinmi lójú ọ̀nà.

Gẹ́gẹ́ bí Bandura ti wí, ọ̀nà mẹ́rin ni ìdánilójú yìí ń gbà wọ ọkàn: iṣẹ́ tí ènìyàn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yọrí, iṣẹ́ tí ó rí i tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, ọ̀rọ̀ ìyànjú láti ẹnu ẹni tí ó fọkàn tán, àti ìtumọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń fún ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀. Àkọ́kọ́ ló lágbára jù. Ní tèmi, ibẹ̀ ni a ti ń dá olùkọ́ tó mọṣẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń pariwo lé ènìyàn lórí, nítorí pé ìyànjú tí kò sí àṣeyọrí kankan lẹ́yìn rẹ̀ kì í pẹ́ ṣá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ìdìde lórí ìjókòó ti di iṣẹ́ fún nítorí ìwọ̀n ara. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò ní gbé irin lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àga tó ga díẹ̀ ni yóò gbé síwájú rẹ̀, yóò ní kí ó ya ẹsẹ̀ tó ìwọ̀n èjìká, kí ó tẹ àyà síwájú, kí ó fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ó sì dìde láìfi ọwọ́ ti itan. Nígbà tí ìgbà mẹ́jọ léraléra kò bá mú un mí hẹlẹ mọ́, wọn yóò pààrọ̀ àga náà sí èyí tó kúrú sí i; bí ó bá yá, wọn yóò gbé àga kúrò, ẹ̀yìn náà ni yóò wá gbá ẹrù díẹ̀ mọ́ àyà. Gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò máa kọ sínú ìwé, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí kò ṣeé ṣe fún un lóṣù tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni Thomas DeLorme, dókítà ológun Amẹ́ríkà, ti ń fi ẹrù kún ẹrù díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó fara pa nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Agbára yìí a sì máa tètè hàn, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọpọlọ ń kọ́ bí yóò ti lo iṣan tó ti wà nílẹ̀, kí iṣan náà tó nípọn sí i.

Òṣùwọ̀n kò ṣeé fi ṣe irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Gíráàmù kan ṣúgà tí ara bá tọ́jú sínú iṣan a máa di omi bíi gíráàmù 3 mú, iyọ̀ náà a sì máa dá omi dúró sára, tí ìwọ̀n ènìyàn yóò fi lè gòkè ní kìlógíráàmù kan láàárín ọjọ́ méjì láìsí pé ọ̀rá kún. Ká má tan ara wa, oúnjẹ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú dídín sísanra kù. Eré ìdárayá ń kín in lẹ́yìn, ó sì ń dáàbò bo iṣan kí ó má bá ọ̀rá lọ.

Ọ̀nà kẹrin, ìyẹn ìtumọ̀ tí ènìyàn ń fún ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀, ni àwọn ènìyàn kì í sábà kà sí. Bí àyà ẹni tí kò ṣe eré ìdárayá fún ìgbà pípẹ́ bá ń lù kìkì, tí òógùn bò ó, ó lè rò pé ara òun ti kọ̀ ọ́. Olùkọ́ lè fi ọ̀rọ̀ sísọ wọ̀n ọ́n fún un: bí ó bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ìwọ̀nba ni iṣẹ́ náà, irú èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Àyà dídùn tàbí òòyì kò sí lára èyí. Bí ó bá rí irú rẹ̀, kí ó dúró, kí ó sì lọ rí dókítà.

Ó ku ibì kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣìnà. Bí olùkọ́ bá ń ka iye, tí ó ń yan ẹrù, tí ó sì ń pinnu ìgbà ìsinmi títí láé, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbà gbọ́ ni pé òun lè ṣe é níwọ̀n ìgbà tí olùkọ́ bá dúró ti òun. Nítorí náà, lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa yan ẹrù fúnra rẹ̀, kí ó máa ṣe ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ní òun nìkan, kí olùkọ́ sì máa yẹ ìwé rẹ̀ wò lẹ́yìn náà.